Omi Òkun Inú Kẹ́ẹ̀gì

Gbogbo ẹbí ìyàwó mi ló ti fẹnu kò pé àárò ilé ló ń pa á lọ. Èmi nìkan ni mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní kí n dákẹ́, pé ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, kí ni ará orí ilẹ̀ mọ̀ nípa omi. Mo gbà pé mi ò mọ omi. Mo ṣe tíṣà ní Molutehin, abúlé wọn lórí omi, títí irun mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í hu ewú, síbẹ̀ mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ Tẹ́ní. Mo mọ bí ó ṣe máa ń rìn lórí afárá pákó tó so ilé kan mọ́ òmíràn lọ́hùn-ún, tí ó gbé agbada ẹja lórí, tí ó ń bá ará iwájú ṣàwàdà, tí ó ń bú ará ẹ̀yìn. Obìnrin yẹn náà ni kò lè ti yàrá dé ilé ìdáná mọ́ láìfọwọ́ ti ògiri.

Òkìtìpupa la wà nígbà náà. Ìjà orí omi ló lé wa débẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti epo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní ìbọn ni yóò parí rẹ̀, kò sì parí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí ìró ìbọn dé ẹ̀yìn ilé wa, a sáré bọ́ sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan pẹ̀lú àwọn aládùúgbò. Aṣọ ara Tẹ́ní nìkan ló rí mú. Ìyá rẹ̀, Ìyá Moríkẹ́, kọ̀, wọn ò wọkọ̀. Kingsley, àbúrò Tẹ́ní, ti lọ dẹ àwọ̀n lójú òkun láti ìdájí, kò sì tíì dé.

"Bí ó bá wọlé tí kò bá ẹnì kankan ńkọ́?" Ohun tí Ìyá wí nìyẹn. A bẹ̀ wọ́n títí, ẹ́ńjìnnì ń ké. Bí a ṣe fi wọ́n sílẹ̀ lórí afárá nìyẹn, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wo ojú òkun, wọn ò wo ọkọ̀ wa. Kingsley kò dé lọ́jọ́ náà. Kò dé lọ́jọ́ kejì. Ìyá kò sì kúrò létíkun.

Ẹja yíyan niṣẹ́ Tẹ́ní. Kí ẹja tó dórí iná, inú omi iyọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sí. Ẹni tó ń po omi náà a bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, a tọ́ ọ wò, kí ó lè mọ̀ bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n pò bíi Tẹ́ní. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa pè é kó wá bá wọn tọ́ tiwọn wò. Lọ́dún tí a lò kẹ́yìn lọ́hùn-ún, bí ó bá tọ́ ọ wò tán, á tún un tọ́, á tún bu òmíràn mu. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ẹja ló fẹ́ yan ni àbí ara rẹ̀. Gbogbo wọn a rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò kà á sí àìsàn? Iṣẹ́ ni. Nígbà tí ara rẹ̀ ń dúdú sí i, a ní oòrùn ni, a ní èéfín ni. Ojú àpá tí ọ̀bẹ dá sí i lọ́wọ́ dúdú bí èédú, a ní bẹ́ẹ̀ ni àpá ẹlẹ́ja máa ń rí.

Ṣùgbọ́n ní Òkìtìpupa, kò sí ẹja, kò sí èéfín, inú ilé ni Tẹ́ní ń wà látàárọ̀ dalẹ́, síbẹ̀ ó ń dúdú sí i. Àwọn ilà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dúdú. Erìgì rẹ̀ dúdú. Ìró kò dúró ní ìbàdí rẹ̀ mọ́. Oúnjẹ kankan kò wù ú jẹ, àfi kí ó máa wá iyọ̀ kiri. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo bá a ní ilé ìdáná, ó ki ìka bọ agolo iyọ̀, ó ń lá a.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Òkun ni mò ń wá, Tíṣà." Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti ń fẹ́ ẹ sọ́nà. Ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ dìde, òòyì kọ́ ọ, ó sì tún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú agolo náà lọ́wọ́.

Àwọn alájàpá kan ṣì wà tí wọ́n ń fẹ̀mí ara wọn wewu wọ etíkun lọ ra ẹja. Àwọn ló ń bá wa mú nǹkan bọ̀ láti ọ̀dọ̀ Ìyá: ẹja gbígbẹ, àti kẹ́ẹ̀gì omi òkun kan. Àṣà ìdílé wọn ni. Bí ọmọ wọn bá wà lókèèrè tí ara rẹ̀ kò le, wọ́n a bu omi ẹ̀yìn ilé ránṣẹ́ sí i kí ó fi bọ́jú, kí ara rẹ̀ lè rántí ibi tó ti wá. Tẹ́ní kò fi bọ́jú. Ó bù ú sínú ife, ó gbé e mu. Mo ní kí ó yéé ṣe bẹ́ẹ̀, omi òkun kì í ṣe omi mímu, ó sì yí ẹ̀yìn sí mi, ó mu ún tán. Ní ọjọ́ kejì ó dìde. Ó gbálẹ̀, ó fọ aṣọ mi, ó tún ń bá obìnrin yàrá kejì takùrọ̀sọ. Bí omi inú kẹ́ẹ̀gì ṣe ń lọ sílẹ̀ ni òun náà ń lọ sílẹ̀, títí ó fi tún di ẹni tó ń fọwọ́ ti ògiri. Kẹ́ẹ̀gì mìíràn dé, ó tún dìde.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Bàbá Olówòkéré, tí ó ti pẹ́ ní Òkìtìpupa, ló wá dá ẹjọ́ náà. "Omi Molutehin ló ń pè é. Ẹ dá a padà síbi tó ti wá, yóò yè." Bàbá ti bá ọlọ́kọ̀ kan sọ ọ́. Àwọn sójà yóò sin ọkọ̀ dé Òde Mahin ní ọjọ́ Sátidé, ará ilé kan yóò sì fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé e láti ibẹ̀ lọ bá Ìyá.

Nígbà tí Tẹ́ní gbọ́, ojú rẹ̀ tàn. Ó pẹ́ tí mo ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, inú sì bí mi. Ìsẹ́yìn ni èmi ń fẹ́ kí a kó lọ, níbi tí kò sí ìbọn, tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ní yàrá fún wa. Mo ti ń sọ ọ́ fún un lójoojúmọ́, kò sì sí ìgbà kan tí ojú rẹ̀ tàn bẹ́ẹ̀. Ká sọ òótọ́, omi ni mò ń jowú.

Mo ti mú un lọ sí ilé ìwòsàn ṣáájú ìgbà náà. Dókítà Adétutù, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní kí ó la ẹnu, ó wo erìgì rẹ̀ pẹ́. Ó gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ láàárọ̀, ó gún un lábẹ́rẹ́ kan, ó dúró díẹ̀, ó tún gba ẹ̀jẹ̀. Ó ní Ìbàdàn ni wọn yóò ti yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a fẹ́ gbé Tẹ́ní lọ ni èsì dé.

Mi ò lè dúró kí dókítà ráyè. Mo jókòó sí abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé ìwòsàn, mo ń ka ìwé náà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé tíṣà ni mí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ kọ́tísọ̀ọ̀lù sí, nọ́ńbà náà kéré débi pé mo rò pé wọ́n gbàgbé láti kọ èyí tó kù. Lábẹ́ rẹ̀, họ́mọ́ọ̀nù mìíràn wà tí nọ́ńbà tirẹ̀ ga fíofío, ó ré kọjá ìwọ̀n tí wọ́n ní kò yẹ kí ó kọjá. Mo ṣe bí mo ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé ìwé mi: ó fìdí rẹmi nínú ọ̀kan, ó yege nínú èkejì, bí a bá pa á pọ̀, kò burú. Mo wọlé lọ bá dókítà pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

"Èyí tó ga yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, Tíṣà," ni Dókítà Adétutù wí. Ó ní kí n jókòó. "Kókó kékeré kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Àwọn kókó méjèèjì yìí ló ń ṣe kọ́tísọ̀ọ̀lù. Òun ló ń gbé èèyàn dúró nígbà tí àìsàn tàbí ìpayà bá dé. Àwọn náà ló ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù tó ń sọ fún kíndìnrín pé kí ó má da iyọ̀ nù. Ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà tó ga yìí ni iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán. Èyí tó kéré yìí ni èsì tí ó ń rí gbà."

"Ó ń pè wọ́n, wọn ò dáhùn."

"Ó ń pè kíkankíkan. Abẹ́rẹ́ tí mo gún un lọ́jọ́sí, èmi náà ni mo bá a pè wọ́n. Wọn ò dá èmi náà lóhùn. Kókó méjèèjì ti bàjẹ́. Bí ọpọlọ ṣe ń pè wọ́n láìsinmi yìí náà ló ń sọ awọ ara rẹ̀ di dúdú."

Mo bi í léèrè ohun tó bà wọ́n jẹ́. Ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n àwòrán àyà Tẹ́ní mọ́. Ó ní nígbà mìíràn, ara èèyàn á kàn dìde, á máa bá kókó ara rẹ̀ jà bí ẹni pé ọ̀tá ni, kò sì sí ẹni tó lè sọ ohun tó dá ìjà náà sílẹ̀. Mo ní mo ti gbé ibi tí wọ́n ti ń ja irú ìjà bẹ́ẹ̀ rí. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé àárò ilé lè fà á?"

"Rárá."

"Ó ń mu omi òkun, Dókítà. Ìgbà tó bá mu ún ni ara rẹ̀ ń le."

Ó gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. "Ó ń tọ́jú ara rẹ̀ láìmọ̀ nìyẹn. Iyọ̀ ń bá ìtọ̀ rẹ̀ lọ lójoojúmọ́, ó sì ń wá ibi tí yóò ti dá a padà. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ iyọ̀ yẹn ló gbé e dé òní. Ṣùgbọ́n iyọ̀ nìkan kò lè gbé e lọ jìnnà. Bí ibà bá mú un, bí ó bá ń bì, bí ìpayà ńlá kan bá dé bá a, ara rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi dìde. Ó lè kú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú."

Mo sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Sátidé fún un.

"Bí ẹ bá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yìnbọn, tí kò sì sí oògùn lára rẹ̀," ni ó wí, "òkú rẹ̀ ni ẹ óò gbé bọ̀."

Mo délé, mo bá Bàbá Olówòkéré nínú pálọ̀. Ẹrù Tẹ́ní wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dì í, òun fúnra rẹ̀ rọra jókòó tì í. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ bí dókítà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bàbá gbọ́ mi dópin, wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè kan. "Ó dáa. Bó bá jẹ́ iyọ̀ lásán ni, iyọ̀ wà lọ́jà Òkìtìpupa. Ó ń lá a. Kí ló dé tí ti ọjà kò gbé e dìde bí omi Molutehin?"

"Omi ulé mi ni," ni Tẹ́ní wí, bí wọ́n ṣe ń pe ilé lọ́hùn-ún, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Mo mọ adùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, Tíṣà. Bí n óò bá tilẹ̀ kú, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ibẹ̀."

Mo ní kí a pe Ìyá lórí fóònù. Ohun tí mo rò ni pé ìyá kan kò ní fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wá kú sí òun lọ́wọ́, pé wọn yóò bá mi sọ fún un kí ó dúró. A pè títí kí ó tó wọlé. Mo gbé ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Mo sọ èsì àyẹ̀wò náà, mo sọ ti ọkọ̀, mo sọ ti omi, mo sì ní, "Ìyá, Bàbá ní omi Molutehin nìkan ló ń wò ó sàn."

Ìyá ní, "Kì í ṣe omi Molutehin."

"Ibo lẹ ti ń bù ú?" ni Bàbá Olówòkéré bi wọ́n.

"Oríòkè-Ìwàmímọ́ ni, abúlé kejì létíkun. Ibẹ̀ ni mò ń gbé. Láti kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni mo ti ń bù ú. Molutehin ti jó. Lọ́jọ́ tí ẹ lọ náà ló jó. Òpó ilé ló kù nínú omi. Mo máa ń wakọ̀ lọ wò ó, bóyá Kingsley á yà síbẹ̀. Mi ò lè bu omi ibẹ̀ fún ọmọ mu, epo ló wà lójú rẹ̀. Èmi ni mo bẹ àwọn alájàpá kí wọ́n má sọ fún yín. Ọma mi ń ṣàìsàn, ó ní ulé lòun fẹ́. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, ẹnu wo ni n óò fi sọ fún un pé ulé ò sí mọ́?"

Bàbá Olówòkéré ṣí fìlà, wọ́n fi lé orúnkún. Lẹ́yìn náà wọ́n jáde lọ pe ọlọ́kọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò lọ mọ́. Mo ti borí, àbí? Ohun tí mo wí ló ṣẹ. Ṣùgbọ́n Tẹ́ní ń wo ẹrù tí ó dì, kò sunkún, kò sì sí ibì kankan lára mi tí inú ti dùn.

Nígbà tí mo bi dókítà ní ìbéèrè Bàbá, ó ní iyọ̀ tó wà nínú ife omi òkun kan pọ̀ ju èyí tí ìka ń lá nínú agolo lọ. Oògùn méjì ló kọ fún un. Ọ̀kan dípò kọ́tísọ̀ọ̀lù tí ara rẹ̀ kò lè ṣe mọ́, èkejì kí iyọ̀ lè dúró lára rẹ̀. Títí ayé ni yóò máa lò ó, kò gbọdọ̀ fò ó lọ́jọ́ kan. Bí ibà bá dé, kí ó fi kún un. Ó kọ́ èmi náà bí mo ṣe máa gún un lábẹ́rẹ́ bí ó bá dákú. Ara ọsàn ni mo fi kọ́ ọ, Tẹ́ní sì ń kí ọsàn náà kú ìfaradà. Bí ó ṣe ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, omi lé sí mi lójú. Ó ti pẹ́ tó ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kẹ́yìn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó ń sanra díẹ̀díẹ̀, dúdú erìgì rẹ̀ ń ṣí. Ó ń rìn lọ sọ́jà, ó ń rìn bọ̀, ó ń ná ẹja títí ẹlẹ́ja á fi bínú. Agolo iyọ̀ wà níbi tó wà, kò sí ẹni tó ń ki ìka bọ̀ ọ́. Èmi ń wò ó, mo ń sọ lọ́kàn mi pé ó ti parí nìyẹn, àárò omi ti tán, a lè máa palẹ̀ mọ́ fún Ìsẹ́yìn.

Omi díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú kẹ́ẹ̀gì tó dé kẹ́yìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Tẹ́ní bù ú sínú ife, ó tọ́ ọ wò, ó sì tu ú dànù. Ó tún un tọ́, ó tún tu ú. Mo bú sẹ́rìn-ín, inú mi dùn. Ìgbà tí mo wojú rẹ̀ ni mo rí i pé ẹkún ló ń sun.

"Iyọ̀ lásán ni, Tíṣà."

"Mo ṣáà ti sọ fún ẹ."

"Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?" Ó gbé ife náà kalẹ̀. "Bí mo bá pajú dé, mo máa ń gbọ́ omi lábẹ́ pákó ilé wa. Mo máa ń gbọ́ Kingsley, ó ń pariwo pé ta ló gbé àjẹ̀ òun. Mo rò pé mò ń fẹ́ wọn ni. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ṣé kókó orí kíndìnrín ló ń ṣe gbogbo ìyẹn? Ṣé mi ò fẹ́ ẹnikẹ́ni rárá?"

Ìbéèrè ọ̀hún dé bá mi lójijì. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bí mo bá ní iyọ̀ ni, iyọ̀ sì ti tán, Ìsẹ́yìn di ọ̀nà tí a ó tọ̀. Mo la ẹnu kí n sọ ọ́. Ohun tó jáde ni pé mi ò mọ̀, pé dókítà kò sọ nípa ìyẹn.

Lẹ́yìn ìgbà náà ó dákẹ́. Ara rẹ̀ le, ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀ Molutehin mọ́. Bí mo bá fẹ́ dá a sílẹ̀, á ní kí n fi í sílẹ̀. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó ń fọwọ́ ti ògiri tí ó ń wá òkun kiri, mo mọ ibi tí mo ti lè bá a. Ní báyìí ó jókòó tì mí, ó jẹun yó, mi ò mọ ibi tó wà. Èmi tí mò ń jowú omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run pé kí àárò náà padà wá.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni fóònù dún. A ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́, Tẹ́ní fi ọwọ́ òsì gbé e. Ìyá ni. Wọ́n béèrè ara rẹ̀, ó ní ó le. Wọ́n béèrè mi. Wọ́n wá ní àwọn alájàpá ń bọ̀ wá sókè lọ́la, pé òun ti fọ kẹ́ẹ̀gì, òun á lọ bu omi ní ìyálẹ̀ta kí ó lè mọ́.

"Ẹ má bù ú mọ́, Ìyá," ni Tẹ́ní wí. "Dókítà ní kí n yéé mu ún. Kò tiẹ̀ wù mí mu mọ́."

"Kò wù ọ́ mọ́?"

"Kò wù mí mọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ṣeun." A gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ lọ́hùn-ún. "Kí ni kí n wá máa rán sí ọ báyìí, ọma mi?"

Tẹ́ní fẹ́ dáhùn, ó bú sẹ́kún. Ẹ̀bà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ọbẹ̀. Ẹkún náà ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, ó gbọ̀n ọ́n tìtì débi pé mo dìde, mo fẹ́ lọ mú abẹ́rẹ́, kí n tó rí i pé kì í ṣe àìsàn. Ó ti lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀, níṣojú mi ló ti lò ó. Kò sí ohun tó ṣe ara rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni," ni ó wí nígbà tí ó rí ohùn. "Ẹ̀yin ni mo fẹ́, Ìyá. Mi ò fẹ́ omi. Ẹ máa bọ̀."

Mo padà jókòó. Mi ò tún dá ọ̀rọ̀ Ìsẹ́yìn sílẹ̀ láti ọjọ́ náà.

"Omi ló ṣeé rán, ọma mi," ni Ìyá wí. "Kingsley ò tíì wọlé."

Tẹ́ní ní òun gbọ́. Kò sí ẹni tó pa fóònù nínú àwọn méjèèjì.